Ohùn Keje Tó Kọ̀ Láti Gòkè

Ẹjọ́ kan wọ ààfin láàárọ̀ àná tó jẹ́ pé ohùn orin kan ṣoṣo ló dá a sílẹ̀. Onídùùrù ló pe onífèrè, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lẹ́jọ́. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò kí ara wọn.

"Kábíyèsí," onídùùrù ní, "orin jáàsì kan ni a lù nílé oúnjẹ tí a ti ń ṣeré. Orin máínọ̀ ni, irú èyí tó máa ń fajú ro. Oṣù kan gbáko ni mo fi tú u palẹ̀, kọ́ọ̀dù, ìyẹn àkópọ̀ ohùn, tẹ̀lé kọ́ọ̀dù. Mo kọ ọ́ síwèé pé kí orin tó padà sílé, ìyẹn sí ohùn tó ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n gbé ohùn keje sókè díẹ̀. Mo fi bírò pupa fàlà sí i. Ìgbà tó kan ọkọ ẹ̀gbọ́n mi láti dárà tiwọn, èmi tẹ tòkè, wọ́n fọn tìsàlẹ̀. Àwọn èèyàn gbé ṣíbí sílẹ̀."

Kábíyèsí kọjú sí onífèrè. "Ṣé o ka ìwé náà?"

"Mo ka ìlà àkọ́kọ́, Kábíyèsí. Ó ní orin ìbànújẹ́ ni. Inú mi wá bàjẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tún máa gbé ohùn sókè?"

Àwọn ìgbìmọ̀ fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Wọ́n pe ìyàwó onífèrè, ẹ̀gbọ́n onídùùrù. Ó ní ohùn tí ọkọ òun fọn wọ òun lára débi pé òun sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé etí ló ń dùn yín."

"Ìyẹn náà wà níbẹ̀."

Wọ́n pe onígìtá tó bá wọn ṣeré lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ò gbọ́ aáwọ̀ kankan. Orin mìíràn lòun ń ta ní tòun.

Kábíyèsí wo onídùùrù títí. "Kí ló dùn ọ́ gan-an? Ṣé ohùn yẹn ni?"

"Rárá, Kábíyèsí. Oṣù kan ni mo fi kọ ìwé yẹn. Wọn ò kà ju ìlà kan lọ."

Kábíyèsí mi orí. "Onífèrè, láràárọ̀ fún ogójì ọjọ́, wàá lọ dúró lábẹ́ fèrèsé àna rẹ, wàá fọn ohùn keje, tòkè, lẹ́ẹ̀kan. O ò gbọdọ̀ fọn èyí tó ń padà sílé. Onídùùrù nìkan ló láṣẹ láti parí ẹ̀."

"Tí mi ò bá parí ẹ̀ ńkọ́, Kábíyèsí?"

"Kí o ṣáà máa gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Láàárọ̀ yìí, ohùn náà dé abẹ́ fèrèsé. Onídùùrù fi ìrọ̀rí bo orí. Ohùn ọ̀hún dúró sínú yàrá bí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè tí kò rí ibi gbé e sí. Onídùùrù yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó sáré tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan lọ sídìí dùùrù, ó tẹ ohùn ilé.

Onífèrè ní láti ìta, "Àbúrò, o jíire?"

"A dúpẹ́. Ohùn yín lọ sílẹ̀ díẹ̀ o," ó ní. "Ẹ wọlé."