Ààrò Tí Kò Ní Èéfín

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé, ọjọ́ tí gàrí gbígbóná sọ mí di oníjó lọ́sàn-án gangan, ní Ìwó níbí.

Kí n tó ní ìsọ̀ tèmi lọ́jà, gàrí ni mò ń bá Àlàájà kan yan. Àfi bó ṣe mú bíríkìlà wá, tó mọ ààrò tuntun tí ọ̀pá ń gbé èéfín rẹ̀ gba òrùlé jáde. Gbogbo àwa òṣìṣẹ́ fajú ro. Èmi ni mo kọ́kọ́ lanu: "Àlàájà, gàrí tí kò mu èéfín, ṣé gàrí nìyẹn? Ẹ jẹ́ á máa sunkún èéfín wa lọ, ó ti mọ́ wa lára."

Irọ́ ni mò ń pa, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ní Ilé-Ogbó tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹni tí gàrí bá jóná mọ́ lọ́wọ́, ọjọ́ náà ló ń di ẹrù ẹ̀. Ta ló máa fi ọ̀nà oúnjẹ dán ààrò wò?

Ẹnu mi ló kó bá mi. Àlàájà ní, "Ìwọ tí ẹnu ẹ mú jù, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ yan."

Iná ààrò yẹn ò mọ̀ pé èèyàn ń sọ̀rọ̀. Kí n tó parí òfófó tí mò ń ṣe fún Ìyá Ràfíù tá a jọ ń yan, gàrí ti dúdú. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Àlàájà. Ni mo bá kó gàrí náà sínú ìró, mo ká a mọ́ra. Ẹ̀yin èèyàn mi, gàrí gbígbóná nínú ìró! Mo fò, mo yí, mo gbọn ìdí.

"Ẹ wá wò ó!" Àlàájà pàtẹ́wọ́. "Ẹni tó ní òun ò fẹ́ ààrò ló ń jó fún un yìí!"

Ìyá Ràfíù, ọ̀dàlẹ̀, gbé orin sí i. Ibẹ̀ ni ìró ti tú, gàrí dúdú sì dà sílẹ̀. Orin dá. Mo kúnlẹ̀, mo ti ń ro bí mo ṣe máa di ẹrù mi.

Àlàájà wo ilẹ̀, ó wo itan mi. "Ẹ bu omi tútù fún un kíá." Lẹ́yìn náà ló jókòó ti agbada, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yan fúnra rẹ̀. Tiẹ̀ náà jóná! Dúdú bí ìdí ìkòkò! Ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Ó jọ pé igi la kó pọ̀ jù. Ìyá Ràfíù, fa díẹ̀ jáde, kó o wá gbìyànjú tìẹ."

Tiẹ̀ ò jóná. Kí oòrùn tó wọ̀, à ń du àyè nídìí ààrò tá a bú láàárọ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn dòní. Òṣìṣẹ́ ò kórìíra ohun tuntun. Ibi tí wọ́n bá ti ń tìtorí àṣìṣe lé èèyàn lọ, ohun àtijọ́ ni kálukú máa dì mú. Àwọn tó ń bá mi tajà báyìí máa ń sọ pé mo ní sùúrù. Sùúrù wo? Tí wọ́n bá ṣàṣìṣe, tí mo bá fẹ́ lanu bú wọn, itan mi ló máa ń kọ́kọ́ yún mi, ẹ̀rín á sì gba èébú lẹ́nu mi.