Orúkọ Mi Lára Igi Tíìkì

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi bí mo tilẹ̀ dàgbà di arúgbó: ọjọ́ tí wọ́n gé igi tíìkì bàbá ìyàwó mi lulẹ̀ ní Àgbàdo, tí orúkọ mi sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bàjẹ́. Kí wọ́n tó fún mi níyàwó, mo kó àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ ṣe ọ̀wẹ̀ àna nínú oko tíìkì Bàbá. Ẹ̀ka la fẹ́ gé, kí igi lè ga gbọnrangandan. Bàbá ní ayùn ni ká fi rẹ́ ẹ, díẹ̀díẹ̀, kí èèpo má baà ya. Àwọn ọ̀rẹ́ mi gbọ́. Èmi tí mò ń wá ìyàwó, ṣé díẹ̀díẹ̀ ni màá fi hàn pé mo lágbára? Àdá ni mo yọ. Mo ń ṣá ẹ̀ka, èèpo ń ya bọ̀ nílẹ̀, mo sì ń kọrin. Nígbà tí mo rí i pé Bàbá ò wo ọ̀dọ̀ mi, mo wá ọ̀dà funfun, mo kọ orúkọ mi sára gbogbo igi tí mo ṣá ẹ̀ka rẹ̀, kó má baà lọ yin ẹlòmíràn.

Ọdún gorí ọdún. Mo ti fẹ́yàwó, mo ti bímọ, mo sì kọ́lé sí Ìkẹ́rẹ́ débi òrùlé, lagbára mi bá pin. Òjò sì ti fẹ́ dé.

Bàbá ní, “Àna mi, ugi tí orúkọ rẹ wà lára rẹ̀, tìrẹ ni. Mú un lọ kan òrùlé ulé rẹ.”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo tún pe àwọn ọ̀rẹ́ mi ọjọ́sí pé kí wọ́n wá wòran ọlá.

Agégi tan ẹ̀rọ, igi kìíní ṣubú. Inú rẹ̀ ti jẹrà pátápátá. Ojú ibi tí mo ti ya èèpo ni omi gbà wọlé. Mo ní èèṣì ni. Igi kejì ṣubú, ọ̀kẹ́rẹ́ fò jáde nínú ihò, ó gba orí mi kọjá.

Dípọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní, “Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀kẹ́rẹ́ ti kọ́lé ṣáájú rẹ, tòun tiẹ̀ ní òrùlé.”

Ìtìjú fẹ́ pa mí. Bàbá ò pariwo. Ó na ọwọ́ sí igi tí àwọn ọ̀rẹ́ mi fi ayùn rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ lọ́jọ́sí, tó le koránkorán. “Mú ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n mọ́ gbàgbé tìrẹ níbẹ̀ o. Uṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni.”

Bí mo ṣe gbé igi oníhò délé nìyẹn. Adìyẹ wa ló ń yé sínú rẹ̀ báyìí. Mo ti wá mọ̀ pé kéèyàn kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ire kó tó wá ọ̀dà. Ká tiẹ̀ ní mo fẹ́ gbàgbé, ìyàwó mi ò gbà. Tí mo bá ti béèrè ẹyin láàárọ̀, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ bú sí, èmi náà á sì rín tèmi:

“Bàbá Tọ́lá, ẹ lọ wò ó nídìí orúkọ yín.”