Ìlà Tí Tíṣà Fà Dé Àjà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ta ló mọ ohun tó kọ́kọ́ mú àwọn àgbà wí pé, "Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀"? Ìbéèrè ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ló fà á.

"Ìyá mi, bí orí mi bá kan àjà, níbo ni n ó máa sùn?"

Àwẹ̀ró lorúkọ ọmọ náà. Láyé ìgbà yẹn, tí a máa ń rán aṣọ Kérésì ọmọ kó tóbi jù ú lọ, kó lè wọ̀ ọ́ dé ọdún kejì, bàbá rẹ̀, tíṣà ìṣirò, a máa mú un dúró ti ògiri pálọ̀ lọ́dọọdún, a sì fi èédú sàmì sókè orí rẹ̀. Lọ́dún tí ọmọ pé mẹ́sàn-án, ó fa ìlà kan sílẹ̀ gbọọrọ sára ògiri náà fún ọjọ́ orí, ó fa òmíràn dúró fún gíga, ó to àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbẹ̀, ó sì fi rúlà so wọ́n pọ̀. Wọ́n tọ́ bí okùn tí a fà le.

"Íńṣì mẹ́ta lọ́dún, kò yẹ̀," ni tíṣà wí. Ó gun àga, ó ń fa ìlà náà lọ sókè. "Tó bá di ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, á kan àjà. Tó bá fi máa pé ọgbọ̀n, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá."

Ibẹ̀ ni ọmọ ti béèrè. Ìyá rẹ̀ kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Àwẹ̀ró, ọmọ mi ò ní sùn síta o."

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Ìlà ló sọ ọ́."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ìyá ti wà lọ́dọ̀ káfíńtà, kó bá a kan bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́wàá fún ọmọ. Pákó kò tó, ó ní kí wọ́n tú bẹ́ẹ̀dì òun àti ọkọ òun kún un. Bẹ́ẹ̀dì dé, yàrá kò gbà á. Káfíńtà fọwọ́ lẹ́rán.

"Ìyá Àwẹ̀ró, ṣé bẹ́ẹ̀dì ni àbí afárá?"

"Wó ògiri yàrá."

"Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan ti ìlà mi," ni tíṣà wí.

Ọdún méje gbáko ni tọkọtaya fi sùn lórí ẹní, kí wọ́n má baà gba àyè mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Alaalẹ́ ni ìyá ń dìde fọwọ́ wọn àyè tó kù nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọmọ náà. Àyè ò fi bẹ́ẹ̀ dín. Kérésì kọ̀ọ̀kan, àmì tuntun ń bọ́ sábẹ́ ìlà.

"Ìlà tọ́," ni tíṣà ń wí. "Ọmọ yìí ni kò tẹ̀ lé e."

Àwẹ̀ró pé ọdún mẹ́rìndínlógún, ó dúró sí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ó tán. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gòkè wá. Àyè tó kù yìí ń bà mí lẹ́rù."

Wọ́n gòkè. Ìyá di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú nínú òkùnkùn. Ẹsẹ̀ àgbà ni. Ó ṣe é bíi kó tún di ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mú lẹ́ẹ̀kan péré. Ibẹ̀ ló ti sùn lọ.

Tíṣà na ẹ̀yìn tí ẹní ti mú le, ó yán.

"Ìyá Àwẹ̀ró," ó ní, "bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀."

 Kò pẹ́, òun náà ń hanrun.