Ọjọ́ Tí Mo Sọ Ìyá Ọkọ Mi Nù Sínú Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé láéláé, ìyẹn ọjọ́ tí mo sọ ìyá ọkọ mi nù nígbà tí wọ́n jókòó sí pálọ̀ mi, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Bí mo bá rántí rẹ̀ nídìí àwo tí mò ń fọ̀, ẹ̀rín á pa mí, ojú á sì tún tì mí.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin. Èmi ni mo máa ń ránṣẹ́ pe òbí bí ọmọ wọn bá pe àgbà ní "ìwọ". Wọ́n rán àwa olùkọ́ lọ kọ́ kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà kan, láti ìgbà náà ni mo sì ti gbà pé kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe tí ojú mi ò tó. Mo fi férémù sí sátífíkéètì mi, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ń gbé lọ́dọ̀ wa ní ẹ́sítéètì Raji Rasaki. Kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní rẹ́jísìrì iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, níbi tí wọ́n ń tọ́jú gbogbo fáìlì sí. Nígbà tí a rí i pé ìgbàgbé ti ń bá wọn ṣeré, tí wọ́n ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí, ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa sọ ìtàn ayé wọn fún mi kí n máa tẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́jọ la fi ṣe é, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. A fẹ́ fi ṣe ìwé kékeré fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn níbi ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún wọn. Kí a tó parí, ìdajì ohun tí wọ́n sọ fún mi ti kúrò lórí wọn. Inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló kù sí. Mi ò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibì kankan, nítorí kí ni ẹni tó ní sátífíkéètì fẹ́ fi ẹ̀dà ṣe?

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, mo fẹ́ gbé iṣẹ́ náà lọ fún atẹ̀wé. Mo wo fódà tí mo kó gbogbo rẹ̀ sí. "Màmá" lásán ni mo kọ sára rẹ̀, ó sì dà bíi pé mo pe àgbà láìkúnlẹ̀. Mo bá yí orúkọ náà padà bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ: "Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Wa Ọ̀wọ́n, Màmá Àgbà, Ìyá Ìjọ, Dìákónẹ́ẹ̀sì Modúpẹ́ọlá, Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì Ìjọba Àpapọ̀, Abiyamọ Tòótọ́, Gẹ́gẹ́ Bí Wọ́n Ṣe Fi Ẹnu Ara Wọn Sọ Ọ́ Fún Ìyàwó Wọn Tí Wọ́n Fẹ́ràn Jù." Ọkọ mi nìkan ni ọmọkùnrin tí wọ́n bí, nítorí náà kò sí ìyàwó mìíràn tí wọn ì bá fẹ́ràn, ṣùgbọ́n mo fi í sí i. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, mi ò pe orúkọ wọn rí. Bí mo ṣe wá fẹ́ kọ ọ́, mo fi oyè tì í níwá tì í lẹ́yìn. Àwọn fódà kéékèèké tó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan, orúkọ tiwọn náà ò kúrú.

Mo tẹ orí kìíní kó lè ṣí. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí fáìlì náà. Fáìlì tó wà níwájú mi kedere! Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun ò rí i. Orí kejì, kò rí i. Orí kẹwàá, kò rí i. Mo nu awò ojú mi. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Mo gbé e kúrò lórí tábìlì lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, bóyá ojú rẹ̀ á là níbẹ̀. Níkẹyìn mo gbàdúrà lé e lórí, mo sì fi òróró kàn án. Ìdí nìyẹn tí bọ́tìnì kan fi ń lẹ̀ títí dòní.

Ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ mú.

"Dádì Délé, ẹ̀yin lẹ fi kọ̀ǹpútà yìí wo bọ́ọ̀lù lánàá. Kí lẹ tẹ̀?"

"Bọ́ọ̀lù ni mo wò. Ṣé bọ́ọ̀lù ló gbá fáìlì yín jáde ni?"

Mo bá a jà títí ó fi bínú jáde, ó lóun ń lọ gé irun. Ẹ sì wò ó, irun ò sí lórí rẹ̀.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún un ṣe ní Festac. Ó fi wáyà rẹ̀ sí iná nítorí bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ó wò ó, ó mi orí bíi dókítà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ burúkú.

"Mọ́mì, fọ́máàtì ló kù. Màá fọ gbogbo inú ẹ̀ mọ́ tónítóní."

"Àwọn fáìlì mi ńkọ́?"

"Á pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ṣebí ẹ ní ẹ ò rí wọn tẹ́lẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́ lójú mi, àní mo ti mi orí sí i. Bó ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí ni iná lọ. Mo ti máa ń ṣépè fún àwọn oníná láti ọdún tí mo ti wà ní Èkó, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ọpẹ́lọpẹ́ wọn. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi, mo sá jáde.

Nínú kẹ̀kẹ́ ni ẹkún ti gbọ̀n mí. Mo ro ti Màmá, mo ro ti oṣù mẹ́jọ, mo mọ̀ pé bí ìtàn yẹn bá lọ, kò sí ẹni tó lè tún un sọ mọ́. Mo bá fi ohùn ránṣẹ́ sí Àǹtí Sátẹ́láìtì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé ní Satellite Town. Ohun tí mo sọ ni pé, "Fáìlì Màmá ti sọnù o!" Ṣùgbọ́n mo ti ń sọ̀rọ̀ kí ìka mi tó tẹ fóònù dáadáa, kò sì gba ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí Àǹtí gbọ́ ni: "Màmá ti sọnù o! Ó wà níwájú mi láàárọ̀, mò ń rí i kedere! Ọkùnrin kan ní Festac ti fẹ́ pa á rẹ́, Ọlọ́run ló yọ ọ́!" Àǹtí ní ohun tó dẹ́rù bá àwọn jù ni pé èmi, olùkọ́ Yorùbá, pe Màmá ní "ó". Ìyẹn ni wọ́n fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti burú.

Nígbà tí mo fi máa délé, èrò ti kún ẹnu géètì wa. Àǹtí wà níbẹ̀ láìwé gèlè, wọ́n gbé fọ́tò Màmá dání. Dìákónì kan gbé gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó ń pín àwọn èèyàn: ẹ̀yin ẹ lọ sí Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, ẹ̀yin ẹ gba ọ̀nà Festac. Ọkọ mi ti sáré dé pẹ̀lú aṣọ onígbàjámọ̀ lọ́rùn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wọ inú ilé lọ wò. Mo ṣì ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ nígbà tí Màmá jáde sí wa, èèpo ẹ̀pà wà láyà aṣọ wọn.

"Kí ló dé? Ta ló sọnù?"

Dìákónì ò tiẹ̀ yíjú. "Màmá ni, mà. Màmá àgbà inú ilé yìí."

"Yéè! Ẹ jẹ́ kí n mú bàtà, kí n bá yín wá wọn."

Lẹ́yìn náà ni Àǹtí figbe ta, tí wọ́n dì mọ́ ìyá wọn. Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, wọ́n yíjú sí mi. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí wọ́n tó bi mí. Mo ṣàlàyé pé fáìlì ni, pé ìtàn Màmá ni mo sọ nù, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ dárí jì mí.

"Fáìlì?" ni Màmá wí. Ojú wọn là, ẹ̀yìn wọn nà. "Gbé e wá. Kí ni wọ́n kọ sára ẹ̀?"

A wọlé, mo tan kọ̀ǹpútà, mo ka orúkọ fódà náà sókè. Kí n tó kà á dé ìdajì, Dìákónì ti ṣe àmín.

"Ṣé fáìlì nìyẹn ni àbí ìwàásù?" ni Màmá wí. "Ní rẹ́jísìrì, fáìlì kì í sọnù. Ẹni tó kọ ìkọkúkọ sí i lára ló ń sọ ọ́ nù. Bó ṣe ọ̀gá pátápátá, orúkọ kan àti nọ́ńbà ni. Pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Kọ Dúpẹ́."

"Ha! Màmá, mi ò lè pè yín bẹ́ẹ̀, mà."

"Èmi lo fẹ́ pè ni àbí fáìlì?"

Mo kúnlẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́: Dúpẹ́. Kí n lè tẹ́ wọn lọ́rùn ni mo ṣe é, mi ò retí nǹkan kan. Mo tẹ orí kìíní. Ó ṣí! Orí kejì ṣí, gbogbo wọn ṣí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni olùkọ́ kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wa tó ṣàlàyé fún mi. Kọ̀ǹpútà mi a máa ka gbogbo lẹ́tà, láti orúkọ fódà tó wà níta títí dé ti fáìlì tó wà nínú pátápátá. Bí wọ́n bá ti pọ̀ ju iye tó lè gbé lọ, dípò kó ní orúkọ ti gùn jù, á ní òun ò rí fáìlì. Ọ̀wọ̀ mi ló dí i lójú.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, Màmá ní kí n kà á. Mo ka ibi tí ọmọbìnrin kan ti fi bàtà yíyá lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí bàtà náà tóbi, tó fi ìwé ìròyìn dí imú rẹ̀, tó sì rìn gbọn-in gbọn-in wọlé. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ọmọ yẹn gbójú o. Ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ọlọ́run ṣeun," ni wọ́n wí. "Tún un kà."

A ṣe ìdúpẹ́, ìwé náà sì jáde. Mo bẹ ọkọ mi, mo gba gbogbo ẹ̀bi. Ẹ̀dà rẹ̀ wà níbi mẹ́ta báyìí, mo sì ti gbé sátífíkéètì mi kúrò lára ògiri. Màmá ò rántí ìtàn náà mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń kà á, wọ́n á máa yọ̀ mọ́ ọmọ tó gbójú yẹn. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ọ̀wọ̀ kò sí lára fódà. Orúkọ rẹ̀ ṣì ni Dúpẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, mo máa ń bojú wẹ̀yìn, mo máa ń sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, mà", lẹ́yìn náà ni màá rẹ́rìn-ín ara mi, màá sì ṣe ohun tí orúkọ náà wí.