Apakòkòrò-Má-Bi-Í-Léèrè

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ọ̀gá ilé ìkàwé fi kọ́ bí a ṣe ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, àmọ́ tí ẹ bá rí bó ṣe ń rìn nígbà tó dé, ẹ óò búra pé ogún ọdún ni. Ó fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú férémù, ó gbé e kọ́ sí ọ̀kánkán ilẹ̀kùn, kí ẹni tó bá wọlé má baà rí nǹkan mìíràn kó tó rí i. Ó ní kí wọ́n kọ OLÙDÁÀBÒBÒ ÀGBÀ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì òun.

Àwọn òṣìṣẹ́ ò bá a jà. Wọ́n kàn fún un ní oríkì tiwọn, èyí tí wọn kì í kì létí rẹ̀: Apakòkòrò-má-bi-í-léèrè.

Áńtífáírọ́ọ̀sì tó gbé sórí àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀ kò burú o. Tó bá rí fáìlì tó fu ú lára, ojú kọ̀ǹpútà á pọ́n, á sì ti fáìlì náà mọ́lé. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó mú fáírọ́ọ̀sì méjì gidi nínú fúláàṣì òǹkàwé kan. Inú ọ̀gá dùn dé orí. Ó gbé pátákó kan sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ síbẹ̀: ÀWỌN TÍ A TI MÚ: 2.

Ṣùgbọ́n nígbà tó dúró wò ó dáadáa, méjì ò kún ojú. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó gbogbo ilé ìkàwé ń bọ̀ wá ṣàbẹ̀wò ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọ́n máa fi ṣe olórí. Ta ló máa fi ẹni tó mú kòkòrò méjì ṣe olórí? Ọ̀gá wọ inú áńtífáírọ́ọ̀sì, ó wá ibi tí wọ́n ti ń sọ bí ìfura rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó, ó sì tì í dé òkè pátápátá.

Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ti ọ̀gá yìí tún yàtọ̀: ó ń wá ekòló kiri kó lè rí ohun tó máa pè ní ejò. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà ti di mọ́kànlá. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti di ogójì. Ẹ̀rọ fọtokọ́pì náà dákẹ́, kò ṣiṣẹ́ mọ́.

"Ṣé ẹ rí i bí àwọn kòkòrò yìí ṣe burú tó," lọ̀gá wí, ó sì lẹ ìwé mọ́ ara kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan: OHUN TÓ BÁ TI PỌ́N, PÍPA NI.

Èyí tó ṣìkejìlélógójì? Rárá, ẹ jẹ́ ká má sáré. Èyí tó ṣìkọkànlélógójì ni ti Ìyá Káàdì.

Ìyá Káàdì ló ń bá àwọn òǹkàwé wá ìwé. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, òun ló ń fọwọ́ kọ káàdì ìwé kọ̀ọ̀kan, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ọkọ rẹ̀, tíṣà ìṣirò, ló kọ ètò kékeré kan fún un: tó bá tẹ orúkọ ìwé sí i, á sọ pẹpẹ tí ìwé náà wà, á sì sọ ẹni tó yá a. Ọdún méjì ni bàbá náà fi kọ ọ́, àìsàn sì ti wà lára rẹ̀ nígbà yẹn. Ó kọ ọ́ tán, ó kú.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tí áńtífáírọ́ọ̀sì kọ síbẹ̀," ni Ìyá Káàdì wí. "Ó ní ó jọ fáírọ́ọ̀sì. Kò sọ pé òun ni."

"Ìyá Káàdì, ajá kì í gbó lásán."

"Ajá a máa gbó mọ́ àlejò ire náà, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká fi ránṣẹ́ sáwọn tó ṣe áńtífáírọ́ọ̀sì yìí, kí wọ́n bá wa yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kí n lọ béèrè? Èmi tí mo níwèé ẹ̀rí?"

"Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíì. Iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi ni."

Àánú fẹ́ ṣe ọ̀gá díẹ̀. Ó wo obìnrin náà, ó wo pátákó. Pátákó borí.

"Ní Ọjọ́bọ̀, níwájú àlejò, ni màá pa á, òun àti gbogbo àwọn yòókù," ló wí, ó sì lọ wo bí kóòtù tuntun rẹ̀ ṣe gún tó nínú dígí.

Ìyá Káàdì lọ sunkún díẹ̀ láàárín àwọn ìwé ìtàn, níbi tí èèyàn kì í sábà dé. Nígbà tó nujú tán, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lábẹ́ orúkọ fáìlì náà, tí wọ́n kọ "Fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò" sí. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀ pé. Àlejò márùn-ún jókòó, àwọn òṣìṣẹ́ dúró lẹ́yìn wọn. Màmá Alága, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣáájú wọn.

Ọ̀gá ní kí òun tó pa kòkòrò, òun fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wo àwòrán díẹ̀. Ọgọ́ta ni àwòrán díẹ̀ náà: òun àti kọ̀ǹpútà, òun àti ìwé ẹ̀rí, òun níbi tó ti ń nawọ́ sí pátákó. Ó ti rí ètò kan níbì kan tó ń mú kí àwòrán máa jó sí orin. Ó ki fúláàṣì rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà.

Ògiri tí àwòrán fẹ́ hàn lára rẹ̀ pọ́n kẹ̀. Orúkọ fáìlì náà hàn gàdàgbà: ÈMI-OLÙDÁÀBÒBÒ.

"Ó ṣì mí mú ni," lọ̀gá wí, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn, mà. Ajá a máa gbó mọ́ àlejò ire náà."

Ìyá Káàdì wúkọ́ lẹ́yìn.

Màmá Alága bẹ̀rẹ̀, ó ka ìwé tó wà lára kọ̀ǹpútà. "Ohun tó bá ti pọ́n, pípa ni. Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé ká pa á, àbí ká béèrè?"

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, àmọ́ ti ọ̀gá mú débẹ̀. Ó ro ọgọ́ta àwòrán. Òógùn bo kóòtù tuntun.

"Ẹ jẹ́ ká béèrè, mà."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká béèrè fún gbogbo wọn."

Ìyá Káàdì na fóònù rẹ̀ sí Màmá Alága. Èsì ti dé lórí ètò ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà: A ti yẹ̀ ẹ́ wò. Fáírọ́ọ̀sì kọ́. Ẹ dá a sílẹ̀, kí ẹ sì dín ìfura náà kù.

Wọ́n dín ìfura náà kù, wọ́n sì ṣí àtìmọ́lé. Fáìlì tí ẹ̀rọ fọtokọ́pì fi ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn tó fẹ́ lọ ìsinmi wà níbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta tí Màmá Alága fúnra rẹ̀ kọ, tí kò rí èsì kankan, wà níbẹ̀. Ká má purọ́, méjì gidi ọjọ́sí náà wà níbẹ̀. Mọ́kàndínlógójì yòókù, àti ti ọ̀gá tó ṣìkejìlélógójì, ò jẹ̀bi nǹkan kan.

Màmá Alága na ṣọ́ọ̀kì sí ọ̀gá. Ọ̀gá rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ojú ń tẹ̀ lé e, ó nu 41, ó kọ 2.

Nígbà tí ètò ọkọ Ìyá Káàdì ṣí padà, obìnrin náà fọwọ́ kan ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń kí èèyàn káàbọ̀.

"Ẹ bá mi wá ìwé tó ṣàlàyé áńtífáírọ́ọ̀sì yìí," ni Màmá Alága wí. "Ó yẹ ká ní in."

Ìyá Káàdì tẹ orúkọ rẹ̀. "A ní in, mà. Ẹyọ kan ni. Ọ̀gá ló yá a lóṣù tó kọjá."

Wọ́n bá a nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá. Náílọ́nù ṣì wà lára rẹ̀. Màmá Alága ní kí ọ̀gá ya náílọ́nù náà, kó ka ojú ìwé àkọ́kọ́ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ilé.

"Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá pọ́n ni fáírọ́ọ̀sì," lọ̀gá kà, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Kọ́kọ́ béèrè."

"Ẹ gbóhùn sókè," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn. "A ò gbọ́."

Ó tún un kà. Nígbà tó kà á tán, ó fẹ́ dá ìwé náà padà sínú dúrọ́ọ̀. Ìyá Káàdì ti na ọwọ́.

"Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń yá ìwé níbí, ọ̀gá," ló rọra wí. "Tiyín ti pẹ́ jù."