Àga Hannah àti Ọ̀dà Agbabu

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Ọlọ́jà lánàá, kò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e lé èjìká, lórí àga onígi. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń ti ọ̀nà Odigbo bọ̀ rò pé wọ́n ń fi ẹnìkan joyè ni, wọ́n bá ń kọrin tẹ̀ lé e. Ẹni tó wà lórí àga náà ni Bàbá Akínwọlé, àgbẹ̀ kòkó, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì juwọ́ sí ẹnikẹ́ni.

Wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú Ọlọ́jà àti àwọn ìjòyè. Lísà, tó jẹ́ igbákejì Ọlọ́jà, fò dìde lórí ẹní.

"Akínwọlé! Àwa ìjòyè jókòó sórí ẹní, ìwọ wá gun àga níwájú Kábíyèsí? Dọ̀bálẹ̀!"

"Mi ò lè dọ̀bálẹ̀, Lísà."

"Ta ló dí ọ lọ́wọ́?"

"Àga ni. Ó ti lẹ̀ mọ́ mi."

Wọ́n rò pé àwàdà ló ń ṣe. Sùlè ọlọ́kadà àti Sàlàkọ́ káfíńtà dì í mú lábíyá, wọ́n fà á sókè. Àga tẹ̀ lé e. Wọ́n fi í sílẹ̀, òun àti àga jọ balẹ̀ gbì.

Ọlọ́jà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ta lo wá pè lẹ́jọ́, Akínwọlé? Èèyàn ni àbí igi?"

"Joshua ni, Kábíyèsí. Ilé rẹ̀ ló kángun sí tèmi. Òun ló ń bá gbogbo abúlé yanjú ìṣòro."

Joshua ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò tíì pé ogójì ọdún, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì há ìwé kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé mọ́ abẹ́ apá.

"Ro ẹjọ́ rẹ," Ọlọ́jà sọ fún Akínwọlé.

Akínwọlé kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. "Páànù ilé mi ń jò, Kábíyèsí. Ojú kan ṣoṣo ni, orí àga ìyàwó mi ló sì ń kán sí. Mo ní kí Joshua bá mi wá páànù kan. Kò wá páànù. Láàárọ̀ yìí ló gun òrùlé, ó fi ọ̀dà Agbabu, ọ̀dà dúdú tó ń sun láti inú ilẹ̀, dí i. Oòrùn mú, ọ̀dà yọ́, ó kán sórí àga. Igi àga náà dúdú, mi ò rí i. Mo jókòó, mo sùn lọ. Òjò rọ̀, ọ̀dà dì. Nígbà tí mo fi máa jí, a ti di ọ̀kan."

"Kí lo ń fẹ́ ká ṣe?"

"Kí n kúrò lórí rẹ̀, kó má sì bàjẹ́. Hannah ló ni ín. Oṣù kẹsàn-án rèé tí a sin ín. Sàlàkọ́ ti mú ayùn bọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ayùn kàn án."

Sàlàkọ́ gbé ayùn pamọ́ sẹ́yìn. "Ẹsẹ̀ méjì péré ni mo fẹ́ gé, Kábíyèsí."

"Bí o bá gé ẹsẹ̀ méjì, ṣé yóò bọ́ lára rẹ̀?"

"Kò ní bọ́. Ṣùgbọ́n yóò fúyẹ́."

"Kí ló dé tí o ò kàn bọ́ ṣòkòtò?" Lísà bi Akínwọlé.

"Ọ̀dà ti la ṣòkòtò kọjá."

"Ó dé ibo?"

"Lísà, àwọn obìnrin wà níbí."

Hàlímọ̀, tó ń ta epo pupa ní ọjà Ore, tó sì jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ gbọ́ igbe Akínwọlé, na ọwọ́ sókè. "Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ..."

"Ẹlẹ́rìí kì í sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó pè é!" Lísà jágbe mọ́ ọn. Hàlímọ̀ jókòó.

"Joshua, o gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo gbọ́, Kábíyèsí. Mi ò jẹ̀bi. Kí ni Bàbá ní ó ń dà wọ́n láàmú? Omi. Ẹ bi wọ́n bóyá omi kán nígbà tí òjò rọ̀ lónìí."

Ọlọ́jà wo Akínwọlé. "Ṣé omi kán?"

Akínwọlé kì í purọ́, ìbáà gún un lójú. "Omi ò kán."

"Ẹ gbọ́ o! Ìṣòro omi ti tán. Ọ̀dà jẹ́ ìṣòro mìíràn. Wọn ò tíì gbé ìyẹn wá sọ́dọ̀ mi."

"Ta ló ní kí o fi ọ̀dà dí òrùlé èèyàn?"

"Ìjọba ni, Kábíyèsí."

"Ìjọba wo?"

"Gbogbo wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń gbọ́ lẹ́nu wọn pé ọ̀dà Agbabu máa sọ wá di olówó. Mo dúró títí, mi ò rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀. Mo wá ní kí n bẹ̀rẹ̀ lórí ilé Bàbá Akínwọlé."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Lísà náà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó rántí ipò tó wà.

"Ṣé o ò mọ̀ pé oòrùn a máa yọ́ ọ̀dà?"

"Ó le koko nígbà tí mo fi í síbẹ̀, Kábíyèsí. Oòrùn ló yẹ kí wọ́n ránṣẹ́ pè. Èmi kọ́ ni mo ní kí ọ̀sán pọ́n."

"Ìwé wo ló wà lábẹ́ apá rẹ yẹn?"

Ojú Joshua tàn. "Ìwé ẹ̀rí mi ni. Mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ní Ore, lórí bí a ṣe ń yanjú ìṣòro ojoojúmọ́. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni. Èkíní, mọ ohun tó ń yọ èèyàn lẹ́nu. Èkejì, ronú ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ̀kẹta, mú èyí tó yá jù."

"Ẹ̀kẹrin ńkọ́?"

Joshua wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Wọ́n ti ń pín ìrẹsì níta nígbà tí wọ́n dé ẹ̀kẹrin."

"O ò gbọ́ ọ rárá?"

"Mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, kí o tó gbé e fún oníǹkan, kọ́kọ́... Ibẹ̀ ni mo ti dìde."

"Ìgbésẹ̀ tí o torí ìrẹsì fi sílẹ̀," ni Ọlọ́jà wí, "òun ni Akínwọlé jókòó lé yìí."

Wọ́n pe Sùlè ọlọ́kadà pé kó wá jẹ́rìí.

"Sùlè, ṣé ìwọ lo fi ọ̀kadà gbé ọ̀dà náà láti Agbabu?"

"Rárá o, Kábíyèsí. Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

"Kí ló wá dúdú lára ṣòkòtò rẹ?"

Sùlè wo ṣòkòtò rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. "Ó dà bí ọ̀dà. Ike kékeré kan péré la gbé."

"Mẹ́ta ni!" Joshua pariwo.

"Mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún un. Mo ní, Joshua, nǹkan yìí máa yọ́ o."

"Níbo lo ti kìlọ̀ fún un?"

"Lórí òrùlé."

"Kí lo ń ṣe lórí òrùlé Akínwọlé?"

"Mo ń bá a tẹ̀ ẹ́, Kábíyèsí, kó lè lẹ̀ dáadáa."

Ẹ̀rín sọ. Akínwọlé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ wà lára ayùn Sàlàkọ́, tó tún ti yọ síwájú.

Joshua rí i pé ẹjọ́ fẹ́ dá òun lẹ́bi, ó yí sí Akínwọlé. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ n bi yín. Kí ló dé tẹ́ ò sún àga kúrò lábẹ́ ibi tó ń jò?"

"Ọ̀rọ̀ rèé!" Lísà ní. "Ìṣísẹ̀ kan péré!"

"Ibẹ̀ ni Hannah gbé e sí," Akínwọlé dáhùn.

"Ẹ sì kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó lé e. Ta ló wá ní kẹ́yin jókòó?" Joshua ní.

Akínwọlé ò pinnu láti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òjò ni àga náà ti ń tutù, àkísà ló fi ń nù ún láràárọ̀. Nígbà tó ti oko dé lọ́sàn-án, tó fọwọ́ kan apá àga, tó bá a ní gbígbẹ, ó kàn jókòó lé e.

"Mo fẹ́ mọ ohun tí Hannah máa ń rí láti ibẹ̀," ó ní.

"Kí lo rí?" Ohùn Ọlọ́jà ti wálẹ̀.

"Àga tèmi. Kò sí nǹkan mìíràn lọ́ọ̀ọ́kán."

Sàlàkọ́ rọra gbé ayùn sílẹ̀.

Hàlímọ̀ dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

"Kí Lísà bínú bó bá wù wọ́n. Epo pupa ló ń ṣí ọ̀dà! Ọmọ Agbabu wo ló tẹ ọ̀dà tí ìyá rẹ̀ ò fi epo tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ra á lẹ́sẹ̀? Ó ti pẹ́ tí mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo dúró níbí tí ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ayùn!"

"Kí ló dé tí o ò ti sọ?" Lísà bi í.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n dákẹ́ ni?"

Wọ́n gbé Akínwọlé àti àga wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n yọ́ epo. Kò pẹ́ ju ìgbà tí èèyàn fi ń sun àgbàdo lọ tí Akínwọlé fi jáde, ó ró ìró olódòdó Hàlímọ̀, ojú rẹ̀ le débi pé kò sí ẹni tó gbójúgbóyà láti rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àga. Ó ń dán fún epo, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé.

Lísà ní kí wọ́n na Joshua lẹ́gba méjìlá. Ọlọ́jà mi orí.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́ mi. Àga ò ní kúrò níbi tí Hannah gbé e sí. Òrùlé ló máa kúrò. Joshua, lọ yọ páànù tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì rẹ, kí o lọ kàn án sórí ilé Akínwọlé. Èyí tí o fi ọ̀dà pa, gbé e lọ sókè bẹ́ẹ̀dì tìrẹ."

"Yéè! Kábíyèsí!"

"Kò ní jò. O ti yanjú omi."

"Bí oòrùn bá mú ńkọ́? Ibo ni kí n wà?"

"Ilé Akínwọlé. Lójoojúmọ́ tí ọ̀sán bá pọ́n, títí kòkó ọdún yìí yóò fi gbẹ. Bó bá sọ̀rọ̀, gbọ́. Bó bá dákẹ́, dákẹ́. Bó bá ní iyọ̀ ò tó nínú ọbẹ̀, sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ tí o bá tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó bẹ̀ ọ́, ìwọ nìkan lo máa gbé e lórí àga yìí láti ibí dé Ore."

Joshua ronú sí i. "Kí ni ìyẹn máa yanjú, Kábíyèsí?"

"Ọjọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n, wá sọ fún mi. Èmi náà á fún ọ ní ìwé ẹ̀rí."

Akínwọlé ti gbé àga rù, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Joshua sáré tẹ̀ lé e, ó na ọwọ́ láti bá a gbé e. Ó rántí ìdájọ́, ó yára ká ọwọ́ kò.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá."

Akínwọlé dúró. Ó wò ó látòkè délẹ̀.

"Mú àpótí ìjókòó tìrẹ bọ̀ lọ́la," ó ní. "Aago méjì ni mo máa ń jẹun."