Bí Akínṣànyà Ṣe Ṣẹ́gun Kọ̀ǹpútà Ilé-Ìwé Wa

Ẹ bá mi kí Olúgbọ́yèga Akínṣànyà, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé girama Òkè-Ìrókò, erin tí ń mi ọ́fíìsì tìtì, ọmọ-ọmọ ọkùnrin ogun tó lé ẹkùn wọ igbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ṣojú wọn ní ewúrẹ́ ni. Amọ̀tán tó sọ fún gbogbo àwa tíṣà pé orí wa ò lè gbé ohun tí orí òun gbé, tó fi ọ̀rọ̀ àṣírí ti kọ̀ǹpútà ilé-ìwé pa, tí kò sọ ọ́ fún ẹnì kan, ọ̀gá àgbà pàápàá kò mọ̀ ọ́n.

Orúkọ, àwòrán àti àmì ìka àwọn ọmọ mẹ́tàlélógójì tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde wà nínú kọ̀ǹpútà yìí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni ìforúkọsílẹ̀ yóò parí. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò bá wọlé sọ́dọ̀ àjọ ìdánwò nígbà náà, ó di àmọ́dún. Ní aago méjì ọjọ́ náà, akọni wa gbàgbé ọ̀rọ̀ àṣírí náà.

Nọ́ńbà gígùn kan, ẹyọ méjìdínláàádọ́ta, wà tí a fi ń ṣí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ bí èèyàn bá gbàgbé. Akínṣànyà ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ṣùgbọ́n òun kan náà ló kó bébà àtijọ́ fún ẹlẹ́pà lóṣù tó kọjá, nọ́ńbà sì bá ẹ̀pà lọ. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ju agbára lọ. Ti ọkùnrin yìí, n kò rí èyí, n kò rí tọ̀hún.

Ó gbógun dìde. Ó tẹ Ẹkùn, ó tẹ Àràbà, ó tẹ Akínṣànyà-kò-ṣeé-fọwọ́-kàn, kọ̀ǹpútà kò dá a lóhùn. Ó wá ku ìgbà kan ṣoṣo kí ó tì pátápátá. Àwọn ọmọ ń sunkún lẹ́yìn fèrèsé, inú sì bí mi débi pé ọwọ́ ń yún mi láti gbá a létí.

Nígbà náà ni Ìyá Mojíròlá wọlé, opó àbúrò bàbá Akínṣànyà, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nínú àwọn mẹ́tàlélógójì. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọmọ ọdún méjì ni Akínṣànyà nígbà tí wọ́n mú ìyá yìí wá sílé ọkọ, ìyá sì pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Ohun tí ọmọ náà ṣe sí i lẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn ló fi sọ ọ́ lórúkọ.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Atọ̀sáṣọ-ìyàwó,” ni ìyá náà wí, ó sì yíkàá. “Ṣé orúkọ ọmọ mi ti lọ?”

Akọni yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Orúkọ yẹn ló ti yàn ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí tẹ́lẹ̀, nítorí ó dá a lójú pé kò sẹ́ni tó máa fi irú rẹ̀ ro òun nílé-ìwé. Kọ̀ǹpútà ṣí. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago mẹ́rin lù, orúkọ ọmọ kẹtàlélógójì wọlé.

Akínṣànyà na àyà, ó ní òun ti ṣẹ́gun. Ọ̀gá àgbà, Ìyáàfin Ọ̀jẹ́wálé, kò bá a jiyàn. Ó ní láti òní lọ, gbogbo tíṣà gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú pátákó.

Nítorí náà kí Òkè-Ìrókò gbọ́, kí ẹlẹ́pà pàápàá gbọ́: akọni ti gba oyè. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, nígbà tó dúró níwájú ìlà, ọmọ mẹ́tàlélógójì fi oyè náà kí i, wọ́n sì pè é pé pérépéré.